Fúláwà Tó Dúró Sójú Ààlà

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orókún fún Mọ́mì tí wọ́n fi pè mí wá sí pálọ̀, wọ́n ní àkókò ti tó tí àwọn fúláwà máa jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé oògùn ìrora tí wọ́n ń lò ló ń sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé níbo ni àwọn fúláwà fẹ́ lọ. Wọ́n ní ìta ni, pé ìgbà ooru ti wọlé, pé ọdọọdún ni àwọn máa ń kó wọn síta báyìí, wọn á sì wà níbẹ̀ títí òtútù á fi padà dé.

Mọ́mì kì í ṣe ìyá tó bí mi. Onílé mi ni wọ́n. Ilé wọn ní Thamesmead ni mo ti rí yàrá gbà nígbà tí mo dé láti Èkó wá sílùú òyìnbó láti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Opó ni wọ́n. Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìjọ aláṣọ funfun kan náà la sì jọ ń lọ, èyí tó ń ṣe ìsìn nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní Nathan Way. Ọmọ wọn ọkùnrin kan ṣoṣo ń gbé lọ́nà jíjìn. Nítorí náà, nígbà tí orókún kò jẹ́ kí wọ́n lè dìde, èmi ni mò ń bá wọn ṣe ohun tó bá ku nínú ilé lẹ́yìn iṣẹ́ mi.

Kí n sọ òótọ́, àwọn fúláwà yẹn kò yé mi láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà. Ní àdúgbò tí wọ́n bí mi sí ní Mushin, gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ewé tí mo mọ̀ ni èyí tí èèyàn ń jẹ àti èyí tí èèyàn fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀ Mọ́mì, ewé ń gbé bí àlejò pàtàkì. Wọ́n ń fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ amúlé-móoru bá ti ń gbóná jù, wọ́n á ní kí n sún àwọn fúláwà sẹ́yìn, wọn kò ní kí n sún àga tí mo jókòó lé sẹ́yìn. Èyí tó ga jù lára wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Igi rẹ̀ nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ewé rẹ̀ gùn bí ewé àgbàdo, ó sì ní ìlà aláwọ̀ ìyeyè láàárín ewé kọ̀ọ̀kan. Mọ́mì sọ fún mi pé àwọn àti ọkọ àwọn tó ti dolóògbé ló jọ rà á ní Woolwich nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé.

Bí wọ́n ṣe ní kí n kó wọn jáde tún da orí mi rú sí i. Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ rí oòrùn ní tààràtà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n gbé wọn síbi ibòòji fún ìgbà díẹ̀, kí n sì kó wọn padà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n pẹ́ sí i díẹ̀. Kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ara wọn á fi gbà á.

Mo ní, “Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ olóòrùn ni wọ́n ti wá ni?”

Wọ́n ní, “Ibi tí wọ́n ti wá kọ́ là ń sọ. Ibi tí wọ́n wà látìgbà òtútù là ń sọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò.

Ẹ̀yìnkùlé wa àti ti ilé kejì ti di ọ̀kan nígbà náà. Fẹ́ǹsì pákó tó pààlà wọn ni ìjì kan ti gbé lulẹ̀ nígbà òtútù, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Bàbá kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa ló ń gbé ilé kejì náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Dádì sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló gbé bẹ́ǹṣì kan sí àárín gbùngbùn ibi tí fẹ́ǹsì wà tẹ́lẹ̀, tí àwọn àti Mọ́mì máa ń jókòó sí bí oòrùn bá yọ díẹ̀, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀. Ẹ̀fọ́ àti ẹfinrin ni Dádì gbìn sí apá ọ̀dọ̀ wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Bí mo bá ní iṣẹ́ àárọ̀ kùtù, wọ́n á fi mọ́tò wọn gbé mi dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Abbey Wood, wọn kì í sì í jẹ́ kí n dúpẹ́ tán.

Dádì ní ilé pákó kékeré kan tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì àti agolo ìbomirin sí. Ibòòji ilé pákó yẹn máa ń bọ́ sójú ibi tí fẹ́ǹsì wà gan-an láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ibẹ̀ ni mo to àwọn fúláwà sí. Èyí tó ga jù wà níwájú, àwọn kéékèèké tò tẹ̀lé e lórí ìlà kan. Títí di òní, mi ò lè sọ ẹni tó yan ibẹ̀. Ó dá mi lójú lọ́jọ́ náà pé Mọ́mì nawọ́ láti ojú fèrèsé pé, “Ọ̀hún, ọ̀hún.” Mọ́mì ní ara ògiri wa ni àwọn nawọ́ sí.

Ọjọ́ kẹta tí mo kó wọn síta ni mo rí Dádì lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, sà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìlà ìkòkò náà, wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú “hùn” kan, wọ́n sì wọlé lọ. Mo rò pé bóyá oorun ló kù lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ àárọ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn bí mo ṣe máa ń ṣe, wọn ò jáde. Mo sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tó túmọ̀ sí kí àgbàlagbà má dá èèyàn lóhùn ìkíni. Ó lè fi ilẹ̀kùn gbá ọ síta, yóò ṣì dùn ju ìyẹn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara mi wò. Ṣé ohùn mi ló ń ròkè jù bí mo bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ṣé aṣọ mi ni mo sá tó ń kán omi sórí ẹ̀fọ́ wọn? Mo tilẹ̀ rántí pé wọ́n ti bi mí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé Mọ́mì dà, àwọn ò rí wọn mọ́, mo sì dáhùn pé wọ́n wà. Mọ́mì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mi ò rò pé ìyẹn lè bí èèyàn nínú. Mo fi í sílẹ̀, mo tún wá òmíràn rò.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mọ́mì pè mí láti pálọ̀. Wọ́n ní kí n wá wo ohun tí Dádì ń ṣe. Mo dé ojú fèrèsé, mo rí i tí Dádì ń fa bẹ́ǹṣì lórí koríko, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń fà á, títí wọ́n fi gbé e dé ara ògiri tiwọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wú àwọn ẹfinrin tó sún mọ́ ìlà ìkòkò wa, wọ́n sì lọ tún wọn gbìn sí ọ̀nà ọ̀hún.

Mọ́mì ní, “Kí ni mo ṣe fún bàbá yìí?”

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà lè gbé ẹsẹ̀ àwọn kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n fa aṣọ fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbàlagbà méjì tó ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ìgbà tí orí wọn ṣì dúdú wá sọ ara wọn di àjèjì. Èmi tí mo wà láàárín kò mọ ohun tí mo fi pín wọn níyà. Mo ń kó fúláwà síta, mo ń kó wọn wọlé, títí ó fi tó àkókò tí wọ́n lè máa sùn síta, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ Thamesmead kì í ṣeré, pàápàá èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ odò wá. Ọjọ́ kan wà tó fẹ́ láti ìdájí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí fúláwà gíga yẹn, torí mo mọ̀ pé orí rẹ̀ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ní ọ̀sán, àwọn ìkòkò kéékèèké ti dojú dé, iyẹ̀pẹ̀ wọn ti dà nù. Ṣùgbọ́n fúláwà gíga dúró. Ẹnìkan ti gbé e dìde. Ẹni náà ti kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó ti fi búlọ́ọ̀kù méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti fi okùn so igi rẹ̀ mọ́ ara ilé pákó. Mọ́mì ò lè rìn dé ibẹ̀. Èmi kò sí nílé. Dádì nìkan ló kù.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi lọ́rùn. Ẹni tí kò fẹ́ kí mi, tó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò nítòsí wa, ló wá so fúláwà wa mọ́ ilé pákó rẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà kọjá òye mi pátápátá. Mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Dádì ṣí i. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá dúpẹ́ ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè wọlé. Wọn ò ní kí n jókòó.

Wọ́n ní, “Ta ló gbìn ín síbẹ̀?”

“A ò gbìn ín, sà. Inú ìkòkò ló wà.”

“Ṣé o mọ orúkọ rẹ̀?”

Mo ní fúláwà ni.

Wọ́n ní, “Pèrègún ni.”

Mo ti gbọ́ orúkọ náà rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sí iwájú mi, mi ò lè dá a mọ̀. Dádì rí i lójú mi pé mi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ní kí èmi náà jókòó, wọ́n sì sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, bàbá àwọn ní ilẹ̀ oko kan lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó ní oko tó kángun sí i kò bá wọn jà rí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n kàn dé oko, tí wọ́n bá pèrègún tuntun tó tò lórí ìlà kan gba inú ilẹ̀ wọn kọjá. Bàbá wọn fẹ́ fà á tu. Àwọn ẹbí ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá fa pèrègún ààlà tu, òun ló dá ìjà sílẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn lọ fi ẹnu sọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnu sọ ọ́ ni pèrègún ti ta gbòǹgbò. Ilẹ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ni tiwa wà, Dádì. A máa gbé e wọlé tí òtútù bá dé.”

Wọ́n ní, “Ojú mi rí ìkòkò. Ọkàn mi ni kò rí i.”

Wọ́n tún ní àwọn rí ọmọ Mọ́mì àti ọkùnrin kan tó ń na okùn ìwọ̀n kiri ẹ̀yìnkùlé. Àwọn béèrè Mọ́mì lọ́wọ́ mi, mo yí ọ̀rọ̀ dànù. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni pèrègún tò sójú ilẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ohun tí èmi ì bá rò, bó bá jẹ́ èmi ni.

Mo béèrè pé kí ló wá dé tí wọ́n fi gbé e dìde nígbà tí ó ṣubú. Wọ́n ní, “Kí n máa wò ó nílẹ̀?” Wọ́n sọ ọ́ bíi pé èmi ni mo béèrè ohun tí kò ní orí.

Mo padà sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Mọ́mì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbi tí fúláwà náà máa ń wà. Wọ́n ní pèrègún tí àwọn mọ̀ kò ní ìlà lára. Wọ́n ní ẹni tó tà á fún àwọn ní Woolwich pè é ní igi àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní bóyá ọkọ àwọn mọ̀, torí òun ló yàn án nínú gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbé e, kò sì sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n sọ púpọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú irin tí wọ́n fi ń rìn wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa jáde láti ìgbà iṣẹ́ abẹ. Ó pẹ́ kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, èmi níwájú, tí mò ń fi ẹ̀yìn rìn, kí n lè gbá wọn mú bí ẹsẹ̀ wọn bá yẹ̀. Dádì ti rí wa. Wọ́n jáde wá sójú koríko, wọ́n dúró. Ojú wọn bọ́ sórí irin náà, ó lọ sórí orókún tí wọ́n fi báńdéèjì wé, kò sì kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mọ́mì ní, “Wọ́n ní ẹ̀ ń bínú sí mi nítorí ewé.”

“Kì í ṣe nítorí ewé.”

“Kí ló dé tí ẹ fi gbé bẹ́ǹṣì?”

Dádì ní, “Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ ta ilé, tí ẹ ò sọ fún mi?”

Mọ́mì yíjú sí mi, bíi pé èmi ni mo ti lọ ta ilé náà. Wọ́n béèrè pé ta ló fẹ́ ta ilé. Ìgbà tí Dádì dárúkọ ọkùnrin olókùn ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Irin ìdìmú ni ọkùnrin náà wá wọn fún, èyí tí wọ́n máa kàn mọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn àti ilé ìwẹ̀, kí Mọ́mì lè rí nǹkan dì mú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ta nǹkan kan.

Mo rò pé Dádì máa rẹ́rìn-ín, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ojú wọn tiẹ̀ tún korò sí i.

Wọ́n ní, “Wọ́n la yín lẹ́sẹ̀, èmi ò gbọ́.”

Mọ́mì ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ni.

“Ṣé èmi ni ẹnikẹ́ni?”

Mọ́mì fi gbogbo ara tì sórí irin náà. Mo ní ó yẹ kí wọ́n jókòó. Kò sí àga nítòsí, bẹ́ǹṣì náà sì wà ní ara ògiri Dádì. Dádì wá sí apá kejì, wọ́n di ìgbápá Mọ́mì mú, a jọ rọra mú wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà dé bẹ́ǹṣì. Mo fi àwọn méjèèjì síbẹ̀, mo lọ se tíì. Nígbà tí mo padà, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ ni wọ́n ti ń sọ.

Ní ọjọ́ kejì, Mọ́mì ní kí n gbé pèrègún náà kúrò lójú ààlà, kí n gbé e sí ara ògiri wa. Mo gbé e. Ara ògiri yẹn ni oòrùn máa ń kó sí ní gbogbo ọ̀sán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó ń gbẹ láti etí wọnú, bí ìgbà tí èèyàn fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Mo ń wò ó, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé mi síbẹ̀. Ewé tí wọ́n fi ń pààlà oko, tó ń dúró nínú oòrùn ilẹ̀ wa láti ìran dé ìran, ni oòrùn Thamesmead ń jó báyìí.

Mò ń fọ abọ́ ní kíṣíìnì nígbà tí mo rí Dádì tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ wọn, tí wọ́n gbá ìkòkò náà mọ́ àyà, tí wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n gbé e padà sí abẹ́ ibòòji ilé pákó, sójú ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e sí gan-an. Mo jáde. Mo ní Dádì, ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀ mọ́?

Wọ́n ní, “Ibẹ̀ ni ibòòji wà.”

Ó wà níbẹ̀ títí ìgbà ooru fi parí. Mọ́mì kò ní kí n gbé e kúrò, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ǹṣì kò padà sí àárín. Ọ̀dọ̀ Dádì ló wà, Mọ́mì ló ń fi irin rìn lọ bá a, ẹsẹ̀ wọn sì tipa bẹ́ẹ̀ ń le sí i. Dádì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ sí Abbey Wood. Nínú mọ́tò, mo máa ń fẹ́ béèrè bóyá ọkàn wọn ti wá rí ìkòkò náà báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé, èmi àti Dádì la jọ gbé pèrègún náà padà sí pálọ̀. Ó ti yọ ewé tuntun lórí. Ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, mo pe ìyá mi ní Mushin, mo sì sọ fún un pé pèrègún wà nínú ilé tí mò ń gbé. Ó ní nínú ilé kẹ̀, nínú ilé tí èèyàn ń sùn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kò dáa, pé ojúbọ àti ààlà ni wọ́n ń gbìn ín sí, kí n sọ fún onílé mi pé kó gbé e síta. Mo ní bó bá wà níta, òtútù á pa á. Ó wá ní, “Ẹ jẹ́ kó wà nínú ilé nígbà náà. A kì í jẹ́ kí pèrègún kú.” Mo bi í pé èwo ni kí n mú nínú méjèèjì. Ó ní òun náà ò mọ̀, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun.